Ẹ Ka Wáàtì Kí Ẹ Tó Yan Iṣẹ́: Ẹ̀kọ́ tí Mo Kọ́ Nídìí Aṣọ Rírán

Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin, ọmọ iṣẹ́ márùn-ún ni mo ní ní ṣọ́ọ̀bù mi nílùú Ìbàdàn, jẹnẹrétọ̀ ni a sì fi ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ di alẹ́. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, lítà epo kan tí kò tó 200 náírà nílé epo ti lé ní 480. Mo fi owó kún owó ìránṣọ, àwọn oníbàárà sì bẹ̀rẹ̀ sí í já lọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọmọ iṣẹ́ mi kan ni ó là mí lójú. Ó ní kí a ka wáàtì, ìyẹn ìwọ̀n bí ohun èlò ṣe ń jẹ iná tó, tí wọ́n kọ sára ohun èlò kọ̀ọ̀kan. Áyọ́ọ̀nù wa ń jẹ 1,000 wáàtì, mọ́tò máṣíìnì kékeré sì ń jẹ 100, èyí tí ó túmọ̀ sí pé iná tí a fi ń lọ aṣọ fún wákàtí kan tó láti fi ránṣọ fún wákàtí mẹ́wàá. Ti máṣíìnì ńlá wa tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: bí a bá ti tan mọ́tò àtijọ́ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, yóò máa kùn bí oyin, ì báà jẹ́ pé ẹni tí ó jókòó tì í ṣì ń ti òwú bọ abẹ́rẹ́. Mọ́tò sáfò tí a fi pààrọ̀ rẹ̀ kì í yí àfi bí a bá fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Wákàtí kan péré ni a wá ń fi lọ aṣọ lójúmọ́. Ó dùn mí gan-an pé ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń da epo nù.

Orílẹ̀-èdè tí èrò inú rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 200 ni ó ń pín nǹkan bí 4,000 sí 5,000 mẹ́gáwáàtì (mílíọ̀nù kan wáàtì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan) láàárín ara rẹ̀, nítorí náà ẹ má ṣe fi iṣẹ́ ọmọ yín dúró de ọjọ́ tí iná yóò pọ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, yúníìtì iná kan di 225 náírà fún àwọn tí ó wà ní Band A, ìyẹn ìpele àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná ó kéré tán 20 wákàtí lójúmọ́ fún. Láti ìgbà náà, kí ẹnikẹ́ni tó gba ṣọ́ọ̀bù ládùúgbò wa, báńdì tí òpópónà náà wà ni yóò kọ́kọ́ béèrè.

Ìbéèrè kan náà ni kí ẹ bi ilé ẹ̀kọ́. Ọmọbìnrin mi lo ọdún kan níbi kan tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, àmọ́ ojú pátákó ni ó ti kọ́ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀, torí pé iná kò sí, wọn kò sì lè ra epo. Ẹ béèrè iye wákàtí tí akẹ́kọ̀ọ́ ń fi ọwọ́ kan ẹ̀rọ lọ́sẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

Èmi kò sọ pé kí gbogbo ọmọ lọ máa fi sólà sórí òrùlé, bí iṣẹ́ náà tilẹ̀ ń lérè. Ohun tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ mi báyìí ni ìṣirò wáàtì pẹ̀lú bí a ṣe ń gé aṣọ. Èyí tí ó gba òmìnira gbẹ̀yìn kọ wáàtì gbogbo ohun èlò rẹ̀ sẹ́yìn ìwé tí a fi gba ìwọ̀n oníbàárà, ó rò ó pọ̀, ó sì gba ṣọ́ọ̀bù tí owó rẹ̀ kéré, níbi tí iná kì í ti í ju wákàtí mẹ́fà lọ. Áyọ́ọ̀nù eléèédú ni ó kọ́kọ́ rà.