Ẹ̀jẹ̀ sínú, itọ́ funfun síta: ẹ̀kọ́ tí iṣẹ́ eyín kọ́ mi

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ eyín, ibi tí ojú ti tì mí jù ni màá ti bẹ̀rẹ̀.

Obìnrin kan wá sí ilé ìwòsàn tí mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Ìgbéyàwó rẹ̀ ku ọjọ́ 9. Ó fẹ́ kí eyín òun funfun kí wọ́n tó ya fọ́tò. Mo yẹ ẹnu rẹ̀ wò fìrí, mo ní kò sí wàhálà. Bí mo ṣe ń fi rọ́bà bo erìgì rẹ̀ ni Màmá nọ́ọ̀sì, tí wọ́n ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí kí n tó mọ eyín ọmọdé yàtọ̀ sí eyín àgbà, rọra sọ fún mi pé: "Dókítà, ṣé ẹ ti wo ẹ̀yìn eyín iwájú yẹn?" Mo ní mo ti wò ó. Irọ́ ni. Eré ni mò ń sá.

Lẹ́yìn wákàtí kan, eyín funfun báláú, àfi igun kan lára eyín iwájú lápá ọ̀tún. Ó ti ṣubú nígbà tó wà ní kékeré, wọ́n sì fi rẹ́sìn, ohun àtọwọ́dá aláwọ̀ eyín, tún igun náà ṣe fún un. Ẹni tó ṣe é mọṣẹ́: àwọ̀ rẹ̀ bá eyín mu débi pé ẹni tí kò bá fi dígí kékeré wo ẹ̀yìn rẹ̀ kò lè mọ̀. Ṣùgbọ́n oògùn tí à ń fi sọ eyín di funfun kì í ran rẹ́sìn. Kì í ran kíráùn tí wọ́n fi ń dé eyín bí fìlà, kì í ran èèpo àtọwọ́dá tí wọ́n lẹ̀ mọ́ iwájú eyín. Àwọ̀ gbogbo eyín tó kù ti yí padà, ti igun yẹn nìkan ló dúró, ó wá dà bí aṣọ funfun tí wọ́n fi àkísà lẹ̀.

Ẹ ó ní kí n yọ ti àtijọ́, kí n fi òmíràn sí i. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Kò ṣeé ṣe lọ́jọ́ yẹn. Oògùn náà máa ń fi ọ́síjìn sílẹ̀ nínú eyín, ọ́síjìn yìí kì í sì í jẹ́ kí rẹ́sìn tuntun gan tàbí kó lẹ̀ mọ́ eyín bó ṣe yẹ. Àwọ̀ eyín fúnra rẹ̀ kò tíì dúró sójú kan. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 2 ni à ń dúró. Ìgbéyàwó ku ọjọ́ 9. Ẹ ṣírò ẹ̀.

Obìnrin náà kò pariwo. Ó wo dígí, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọwọ́ yẹn ni mi ò lè gbàgbé. Ẹni tó wá sọ́dọ̀ wa kó lè máa rẹ́rìn-ín ní gbangba ló fi ọwọ́ bo ẹnu lọ sílé.

Láti ọjọ́ yẹn, kí n tó fọwọ́ kan oògùn, mo máa ń bi ara mi léèrè pé: kí ló sọ eyín yìí di bó ṣe rí? Àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ wa ti máa ń fún àìsàn wọn lórúkọ kí wọ́n tó jókòó: "Eyín mi ti pọ́n." Bẹ́ẹ̀, ohun tó ń mú eyín pọ́n pọ̀. Tíì, kọfí, wáìnì pupa àti sìgá ń kun eyín láti òde. Omi ìfọnu tó ní chlorhexidine náà ń kùn ún, àwa fúnra wa la sì ń kọ ọ́ fún wọn. Èyí tó bá wà lóde, fífọ̀ ni oògùn rẹ̀: ká ha ìdọ̀tí tó ti le mọ́ eyín kúrò, ká fọ̀ ọ́, ká dán an. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti dìde lórí àga lẹ́yìn tí òṣìṣẹ́ wa tó ń fọ eyín parí tiẹ̀, tí wọ́n wo dígí, tí wọ́n ní ó ti tó, àwọn ò fẹ́ oògùn kankan mọ́. Owó ti bọ́ lọ́wọ́ wa lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ àwọn yẹn náà ló máa ń mú ìyá, bàbá àti ọmọ wọn padà wá.

Àwọ̀ mìíràn wá láti inú. Èèpo òde eyín le ju egungun lọ, ìmọ́lẹ̀ sì máa ń gba inú rẹ̀ kọjá díẹ̀. Dẹ́ntìnì tó wà lábẹ́ rẹ̀ pupa rúsúrúsú. Bí ọjọ́ orí ṣe ń lọ, èèpo ń fẹ́lẹ́, dẹ́ntìnì ń nípọn, àwọ̀ ìsàlẹ̀ ń yọ sókè. Àgbà ló dé, kì í ṣe ọ̀bùn, ẹ máa sọ fún wọn bẹ́ẹ̀, torí ọ̀pọ̀ wọn ló ti ń fi burọ́ọ̀ṣì gbo eyín tagbáratagbára láti ọdún pípẹ́, wọ́n rò pé ìdọ̀tí ni. Irú eyín yìí ni oògùn ń ràn jù. Ẹni tó lo tetracycline, oògùn apakòkòrò kan, kó tó pé ọmọ ọdún 8, nígbà tí eyín àgbà ṣì ń dàgbà lábẹ́ erìgì, tiẹ̀ lè ní àwọ̀ eérú, kó sì fà lálà lálà. Oògùn lè ràn án, àmọ́ oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà ni, nígbà mìíràn ọdún kan. Ẹni tí kò bá ní sùúrù ọdún kan, kó má bẹ̀rẹ̀.

Tó bá jẹ́ eyín kan ṣoṣo ló dúdú láàárín àwọn yòókù, ẹ ya X-ray kí ẹ tó sọ ohunkóhun. Eyín tó ti fara gbá nǹkan lọ́jọ́ kan lè ti kú láìsọ fún olówó rẹ̀. Ìtọ́jú gbòǹgbò ló kàn nìyẹn, lẹ́yìn náà la ó wá fi sodium perborate, ìyẹ̀fun tó ń sọ eyín di funfun, tí a fi omi pò sínú eyín náà, ká dí i pa, lẹ́yìn tí a bá ti fi nǹkan bo ẹnu gbòǹgbò dáadáa. Bí a kò bá bò ó, gbòǹgbò lè bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ láti ẹ̀gbẹ́ lẹ́yìn ọdún díẹ̀.

Yorùbá máa ń bá ẹni tó fi ẹ̀jẹ̀ sínú tutọ́ funfun wí. Nínú iṣẹ́ tiwa, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àfiwé rárá. Mo ti rí ẹni tí erìgì rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀ bí a bá ti fi irin kàn án, tí eyín ẹ̀yìn rẹ̀ méjì luhò, tó jẹ́ pé funfun ló ń béèrè. Bí ẹ bá gbé oògùn sórí irú ẹnu bẹ́ẹ̀, inú ihò ló máa gbà dé ibi tí iṣan wà, olúwarẹ̀ kò sì ní fojú kan oorun lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹ̀jẹ̀ ni kó kọ́kọ́ dá ná.

Nípa oògùn fúnra rẹ̀, hydrogen peroxide ni gbogbo rẹ̀ já sí. Carbamide peroxide tó wà nínú jẹ́ẹ̀lì ìmúrelé máa ń tú ká di hydrogen peroxide àti urea. Ìdá 10 nínú 100 rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá 3.5 hydrogen peroxide lọ. Èyí tí à ń lò lórí àga, níbi tí òfin bá ti gbà á, lè jẹ́ ìdá 25 sí 40. Iye yẹn máa ń pa ọ̀dọ́ bí ọtí. Ó pa èmi náà. Mo rò pé ẹni tó bá ní oògùn líle jù ló mọṣẹ́ jù.

Ibi tí oògùn yìí ti wá gan-an ló wò mí sàn. Ní àwọn ọdún 1960, dókítà kan tó ń to eyín ní Amẹ́ríkà ń fún àwọn tó ń tọ́jú ní oògùn apakòkòrò tó ní carbamide peroxide, kí wọ́n máa fi sínú tíréè eyín wọn, ike tó bá eyín mu tí wọ́n ń fi bò ó, lálẹ́. Erìgì ló ń tọ́jú. Erìgì san lóòótọ́, ó sì ṣàkíyèsí pé eyín náà ti funfun. Ní 1989, Van Haywood àti Harald Heymann kọ̀wé lórí ọ̀nà yìí, ìdá 10 péré, nínú tíréè tí èèyàn ń fi sùn. Ọ̀nà yẹn náà ni mo ṣì fọkàn tán jù lónìí. Ẹni tó fi ọ̀sẹ̀ méjì wọ tíréè lálaalẹ́ sábà máa ń débi tí oògùn líle ń gbéni dé, eyín rẹ̀ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ kan án.

Ẹ má jẹ́ kí iná aláwọ̀ búlúù tí wọ́n ń tàn sí oògùn lórí eyín tan yín jẹ. Ó dára lójú, àwọn èèyàn sì fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í fi nǹkan gúnmọ́ kún iṣẹ́ tí oògùn ń ṣe. Ohun tó ń kọ mànà lọ́jọ́ náà, gbígbẹ wà nínú rẹ̀. Ẹnu ti ya sílẹ̀ fún wákàtí kan, eyín ti gbẹ, eyín tó bá sì gbẹ a máa funfun ju bó ṣe rí lọ. Bí itọ́ bá ti dá omi rẹ̀ padà fún un láàárín ọjọ́ mélòó kan, àwọ̀ náà á sọ̀ díẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ya fọ́tò ìkẹyìn lọ́jọ́ kìíní.

Erìgì ńkọ́? Lọ́jọ́ kan, rọ́bà tí mo fi bo erìgì ya díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ eyín ajá, mi ò rí i. Oògùn yọ́ wọ ibẹ̀. Nígbà tí mo fi máa mọ̀, etí erìgì ti funfun, ó hunjọ bí ìka tó pẹ́ nínú omi. Màmá nọ́ọ̀sì náà ló tún rí i. Wọn ò sọ̀rọ̀. Wọ́n kàn gbé omi lé mi lọ́wọ́, wọ́n fa ẹ̀rọ tó ń fa itọ́ súnmọ́ ibẹ̀. A fi omi ṣàn án títí. Ó ta obìnrin tó wà lórí àga náà lára, àmọ́ àwọ̀ erìgì rẹ̀ ti padà sípò kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, bó ṣe sábà máa ń rí.

Eyín kíkan ló wọ́pọ̀ jù. Ó máa ń ta wọ́n ṣíún bí afẹ́fẹ́ tútù bá kàn án, ó sì máa ń lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí wọ́n bá dá oògùn dúró. Ọṣẹ eyín tó ní ìdá 5 potassium nitrate, tí wọ́n bá ti ń lò ó láti bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, máa ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Kí wọ́n máa fo òru kan láàárín méjì náà tún ń ṣiṣẹ́. Ẹ sọ gbogbo èyí kí wọ́n tó gbé tíréè lọ sílé. Ọkùnrin kan tí mi ò sọ fún pè wá ní òwúrọ̀ kùtù, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n: ó rò pé gbogbo eyín òun ti kú. Ọmọbìnrin tó ń gbàlejò ló gbé fóònù. Kí n tó dé, ó ti ní kó bọ́ tíréè sílẹ̀, ó ti fọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó sì ti fún un láyè láti wá lọ́sàn-án. Láti ìgbà yẹn, òun ló ń pe gbogbo ẹni tó bá gba tíréè, lọ́jọ́ kejì. Èmi kọ́ ni mo ní kó máa ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí ọmọbìnrin yìí díẹ̀, torí ilé ìwé ò kọ́ wa nípa irú rẹ̀. Tí mo bá béèrè lọ́wọ́ èèyàn bóyá nǹkan kan wà tó yẹ kí n mọ̀, wọ́n á ní kò sí. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ tí wọ́n ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un ní ẹnu ọ̀nà: ẹni tó ń bẹ̀rù abẹ́rẹ́, ẹni tí ọkọ rẹ̀ ló fi eyín rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. "Dókítà, ìyá yẹn ń fún ọmọ lọ́mú o," ló sọ fún mi lọ́jọ́ kan. Mo ti ń po ohun tí a fi ń tẹ àwòrán eyín kí tíréè lè bá a mu. A sún un síwájú títí ó fi já ọmọ lẹ́nu ọmú. Nísinsìnyí, kí n tó ṣílẹ̀kùn, mo máa ń bi í pé, "Kí ni wọ́n wí?"

Ilé ìwòsàn tí gbogbo ìdílé ń wá máa ń mú ọ̀rọ̀ ọmọdé wá pẹ̀lú. Àwọn ìyá á mú ọmọ ọdún 7 tàbí 8 wá, ọkàn wọn á ti dàrú: eyín tuntun tó hù pupa ju èyí tó yọ lọ. Ẹ fi han ìyá pé eyín àgbà kì í funfun tó eyín ọmọdé, àti pé ìgbà tí méjèèjì bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ni ó ń hàn bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún 15 tó fẹ́ kí eyín òun funfun, ẹ ní kó dúró di ọdún 18. Òfin European Union tilẹ̀ fi dè é. Ẹ tún bi í bóyá ó ti ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí èédú gbo eyín nílé. Ọ̀kan ń fi kíkan jẹ èèpo eyín, èkejì ń ha á, èèpo yìí kì í sì í hù padà.

Ohun kan tó kù ni àtẹ àwọ̀, èyí tí a fi ń mọ bí àwọ̀ eyín ṣe rí. Èyí tí ọ̀pọ̀ wa ń lò, ti ilé iṣẹ́ VITA, ní àwọ̀ 16. Ẹ wò ó kí eyín tó gbẹ, kí rọ́bà tó wọlé, lẹ́bàá fèrèsé, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti nu ìkunnu kúrò. Kí ẹ mú tiyín, kí nọ́ọ̀sì mú tiẹ̀ láìwo tiyín, kí ẹni tó ni ẹnu náà mú tiẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan ojú á ti mọ́ eyín tuntun lára, wọ́n á máa bi yín pé kí ni ẹ ṣe.

Obìnrin yẹn padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ó mú fọ́tò ìgbéyàwó dání, ó fi hàn mí láìsọ nǹkan kan. Nínú gbogbo rẹ̀, ètè rẹ̀ pa dé. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo gé rẹ́sìn àtijọ́ kúrò, mo mú àwọ̀ kan lórí àtẹ, Màmá nọ́ọ̀sì mú òmíràn. A gbé méjèèjì lọ sẹ́bàá fèrèsé. Tiwọn ló bá a mu. Nígbà tí mo parí, mo fún obìnrin náà ní dígí. Ó wò ó títí, ó wá yíjú sí Màmá nọ́ọ̀sì, kò yí i sí mi: "Mà, ṣé ó bá ìyókù mu?"

Wọ́n mú dígí kékeré, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Ya ẹnu, jẹ́ kí n wo ẹ̀yìn ẹ̀ ná."