Fọ́ọ̀mù ìbàdí Màmá mi

Ìbàdí ọ̀tún ló ń yọ Màmá mi lẹ́nu. Ohun tó ń yọ̀ tó bo orí eegun itan wọn ti jẹ dànù, eegun wá ń ha eegun. Làkúrègbé làwọn ń pè é, wọ́n sì ti fi adí àgbọn pa á títí. Ní báyìí, wọ́n ti forúkọ wọn sílẹ̀ fún iṣẹ́ abẹ níbí ní London, kí wọ́n lè fi oríkèé àtọwọ́dá rọ́pò rẹ̀.

Kó tó dìgbà náà, wọ́n fún wa ní fọ́ọ̀mù Oxford Hip Score, tí wọ́n fi ń wọn bí ìbàdí ṣe ń yọ èèyàn lẹ́nu tó. Ìbéèrè 12 ló wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 0 dé 4. Ẹni tó bá gba 48, ara rẹ̀ le. Ẹni tó bá gba 0, ó ń jẹ̀rora gidi. Láti 2009 ni wọ́n ti ń bi àwọn tí NHS, ètò ìlera ìjọba, fẹ́ pààrọ̀ ìbàdí fún ní England nírú ìbéèrè yìí ṣáájú iṣẹ́ abẹ, wọ́n á tún bi wọ́n lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́fà. Mo fara mọ́ ọn pé kí wọ́n máa bi aláìsàn fúnra rẹ̀. Fọ́tò eegun ẹlòmíì á bani lẹ́rù, síbẹ̀ á máa rìn lọ rìn bọ̀. Ti ẹlòmíì ò fi bẹ́ẹ̀ bàjẹ́, kò sì lè gun àtẹ̀gùn.

Èmi ni mo ń ka ìbéèrè fún wọn.

"Màmi, láti ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sẹ́yìn, báwo ni ìrora yẹn ṣe ń ṣe yín?"

"A dúpẹ́."

"Ṣé ó pọ̀ ni, àbí ó kéré?"

"Kò ní í pọ̀ lágbára Ọlọ́run."

Ẹ sọ fún mi, ibo ni kí n fàmì sí? Obìnrin tí mo ń gbọ́ "yéè!" rẹ̀ lóru tó bá fẹ́ yí ẹ̀gbẹ́ padà! Ìgbà tá a dé orí ìbọ̀sẹ̀ wíwọ̀, wọ́n ní, "Ìbọ̀sẹ̀ kẹ̀? Ṣé iléèwé ni mò ń lọ ni?" Mo bi wọ́n nípa ọjà rírà. "Ṣebí ìwọ lò ń bá mi rà á."

Ohun tó dùn wọ́n jù ò tiẹ̀ sí níbẹ̀. Ọmọ ìjọ Kérúbù ni wọ́n, wọn ò sì lè kúnlẹ̀ gbàdúrà mọ́. Fọ́ọ̀mù orúnkún ti Oxford béèrè nípa ìkúnlẹ̀. Ti ìbàdí ò béèrè. Àwọn onífísíò, ìyẹn àwọn tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú ara, ní Yunifásítì Ìbàdàn gbé fọ́ọ̀mù tiwọn jáde ní 2007 fún orúnkún àti ìbàdí, ó sì ní apá kan tí wọ́n á ti ní kí aláìsàn ṣe nǹkan lójú wọn. Ìyẹn ló bá Màmá mi mu. "A dúpẹ́" ò lè báni dìde lórí àga.

Lọ́jọ́ tá a dé ọsibítù, nọ́ọ̀sì òyìnbó tún gbogbo ìbéèrè náà bi wọ́n, látorí ìkíní. Màmá mi fi gẹ̀ẹ́sì dá a lóhùn pé ó ń ro àwọn gan-an, pé àwọn kì í rí oorun sùn. Lójú èmi tí mo jókòó níbẹ̀! Máàkì 31 ni tiwa nílé. 14 ni nọ́ọ̀sì kọ.