Gíà Camry 2003 mi tó ń fò: ibi tí mo bá iṣẹ́ dé

Sátidé 1 oṣù kẹta

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ti tún wọ abẹ́ Camry mi, Big Daddy 2003, ẹ́ńjìnnì 2.4, gíà ọ́tò onípele mẹ́rin. Láàárọ̀ tí mo bá ń ti Kubwa lọ sí Wuse, l'Ábújá níbí, kò sí wàhálà kankan, gíà á máa wọlé jẹ́jẹ́. Àmọ́ tó bá di ìrọ̀lẹ́, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ti mú wa ní Berger, tí ọkọ̀ ti gbóná dáadáa, ha, láti gíà kìíní bọ́ sí èkejì, á kọ́kọ́ falẹ̀ bíi pé ó fẹ́ kú, á wá já síwájú gìjà, orí gbogbo wa á mì. Tí mo bá sì ti P (ìdúró) mú un sí D (ìrìn), nǹkan á dún gbì lábẹ́ bónẹ́ẹ̀tì bí ẹni sọ ọmọ odó sílẹ̀.

Mẹkáníìkì tí mo kọ́kọ́ gbé e fún wà á yípo ẹ̀ẹ̀kan péré, ó ní, "Ọ̀gá, gíà yìí ti kú o, ẹ mú ₦400,000 wá ká lọ ra tòkúnbọ̀." Kò fa dípsìtíìkì (ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì) yọ, kò wo síìtìn ẹ́ńjìnnì (rọ́bà tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé), kò so sìkánà tó ń ka àìsàn ọkọ̀ mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí gan-an, torí báyìí ni wọ́n ṣe ń sọ gíà tó ṣì lágbára kalẹ̀ tí wọ́n á lọ fi tẹlòmíì sí i, èyí tẹ́nikẹ́ni ò mọ ohun tójú ẹ̀ ti rí lókè òkun. Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́nì kankan má sọ gíà yín kalẹ̀ láìwo ọ́ìlì ẹ̀ ná.

Bí mo ṣe wo tèmi rèé. Mo wà á títí tó fi gbóná, mo dúró sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, mo tẹ bíréèkì, mo mú gíà lọ mú un bọ̀ láti P dé L, mo dá a padà sí P, mo wá fa dípsìtíìkì yọ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń ṣiṣẹ́. Ti gíà yìí kò dà bíi ti ẹ́ńjìnnì tá a máa ń pa ká tó wò ó. Ọ́ìlì pé, ó dé ibi tí wọ́n kọ HOT sí, ṣùgbọ́n dúdú ẹ̀ dà bí omi aró, ó sì ń rùn bí nǹkan tó jóná. Mo so sìkánà kékeré mi mọ́ ọn, kò sí kóòdù àìsàn kankan, pàápàá àwọn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú P07, tó jẹ́ ti gíà.

Ọ́ìlì ló ń ṣiṣẹ́ nínú gíà ọ́tò, òun ló ń fi agbára ti àwọn kílọ́ọ̀ṣì inú ẹ̀ kí wọ́n lè di ara wọn mú. Tó bá ti gbó, tó tún gbóná, á ṣàn ju bó ṣe yẹ lọ, agbára ẹ̀ á dínkù, kílọ́ọ̀ṣì ò ní tètè mú, nígbà tó bá sì máa mú, á mú lójijì. Ìdí nìyẹn tí tèmi fi ń dáa láàárọ̀ tó ń fò nírọ̀lẹ́.

Sátidé 8

Gbì yẹn ni mo kọ́kọ́ kọjú sí. Mo fi òkúta di gbogbo táyà, mo fa háńdù bíréèkì, àbúrò mi jókòó sínú ọkọ̀ ó tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, èmi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ (ẹ má dúró níwájú ọkọ̀ láéláé tẹ́ ẹ bá ń ṣe èyí), mo ní kó máa mú un láti D sí R (ìpadàsẹ́yìn). Ẹ́ńjìnnì dìde tó ìka méjì. Àbúrò mi gan-an rí i látinú ọkọ̀, ó pariwo, "Bùọ̀dá, ẹ wò ó, ó ń dìde!" Síìtìn iwájú, èyí tó wà nítòsí rádíétọ̀, rọ́bà ẹ̀ ti já pátápátá.

Mo lọ sí Zuba lọ́sàn-án, oòrùn ọ̀hún ò ṣeé fẹnu sọ, àwọn tó ń gbààwẹ̀ ń ṣe sùúrù o. Ọmọ ìbílẹ̀ wa kan tó ń ta pátì níbẹ̀ gbé méjì síwájú mi, tuntun àti tòkúnbọ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ fúnra yín." Rọ́bà tuntun yẹn le bí igi, tòkúnbọ̀ yẹn kò sì ní ojú sísán kankan, òun ni mo mú. Mo fi pákó sórí jáàkì, mo fi gbé ẹ́ńjìnnì díẹ̀, mo pààrọ̀ ẹ̀. Gbì lọ. Àmọ́ fífò tó ń fò láti kìíní sí èkejì wà níbẹ̀ digbí, ìyẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé àìsàn méjì ni.

Sátidé 15

Iṣẹ́ ọjọ́ yìí ló pọ̀ jù. Mo gbé ọkọ̀ sórí ẹsẹ̀ irin, kì í ṣe jáàkì nìkan. Allen key 10mm ló ń ṣí nọ́ọ̀tì tí ọ́ìlì ń gbà jáde, ẹ nu ojú ihò ẹ̀ dáadáa kí key má baà jẹ ẹ́. Mo wọn ohun tó jáde, lítà mẹ́ta àbọ̀ ni, torí pé iye tẹ́ ẹ bá fà jáde lẹ máa kọ́kọ́ dá padà. Èyí tó pọ̀ jù ṣì wà nínú gíà, pàápàá nínú tọ́kì kọ́nfátà (ohun tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ gíà), kì í bá a jáde.

Mo wá tú páànù ìsàlẹ̀. Ọkàn mi ń lù kìkì nígbà tí mo fẹ́ wo àwọn òòfà inú ẹ̀, torí tí irin wẹ́wẹ́ bá wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ nìyẹn. Ohun tí mo bá níbẹ̀ kúnná lẹ́búlẹ́bú bíi tìróò, kò sí ẹ̀kúfọ́ irin kankan. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lórí ìdúró! Fíltà ló dọ̀tí kọjá ààlà, kò dájú pé wọ́n ti tú u rí láti ìgbà tí ọkọ̀ ti wọ Nàìjíríà. Mo fi mítà wọn àwọn solenoid, ìyẹn àwọn fáàfù oníná tó ń darí ọ́ìlì, kí n má baà tún tú u lẹ́ẹ̀mejì: S4 gbé 13 ohm, ó sì yẹ kó wà láàárín 11 sí 15, SL1, SL2 àti SLT wà láàárín 5.0 sí 5.6 bó ṣe yẹ. Gbogbo wọn pé. Fíltà tuntun wọlé, mo dé páànù padà, bóòtì kéékèèké ni, ẹ má fún wọn pa. Mo fi àrọ tẹ́ẹ́rẹ́ da ọ́ìlì gíà T-IV gba ihò dípsìtíìkì, irú ọ́ìlì yẹn ni wọ́n kọ sára dípsìtíìkì fúnra ẹ̀.

Ẹnì kan ní kí n fi ẹ̀rọ fọ gbogbo inú ẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Mi ò ṣe é. Gíà tó ti pẹ́ báyìí, mo gbà kí n fà á díẹ̀díẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ìdọ̀tí má baà ṣí lójijì lọ dí ojú ọ̀nà.

Sátidé 22 àti 29

Mo fà á, mo tún rọ ọ́, lítà mẹ́ta àbọ̀ lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, kò sí nǹkan tuntun. Lẹ́yìn èkejì, ìyá àwọn ọmọ ló kọ́kọ́ sọ ọ́ nígbà tá à ń bọ̀ láti Suleja, ó ní, "Dádì, orí mi ò mì mọ́ o." Lẹ́yìn ẹ̀kẹta, mo mọ̀ọ́mọ̀ wọnú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Berger ní aago márùn-ún, pẹ̀lú AC, wákàtí kan gbáko. Kìíní sí èkejì wọlé, mi ò mọ̀ ọ́n lára.

Ó ku ìfà kékeré kan láti èkejì sí ẹ̀kẹta tí mo bá rọra tẹ accelerator, àmọ́ ó dà bíi pé ẹ́ńjìnnì ni ìyẹn ti ń wá, kì í ṣe gíà, torí ojú throttle (ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì) ti dúdú. Òun ni mo máa fọ̀ ní Sátidé tó ń bọ̀. Mo fa dípsìtíìkì yọ lálẹ́ yìí kí n tó wọlé, mo fi tíṣù nù ún: ó pupa bíi zobo tí wọ́n bu omi là.