Ẹ Tò Ó Kí Ẹ Tó San Án

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ní ọdún 2019 ni mo lọ ra ẹ̀rọ ìránṣọ mi kejì ní ṣọ́ọ̀bù kan ní òpópónà Táíwò, níbí ní Ìlọrin. Ó ku díẹ̀ kí agogo méjìlá lù nígbà tí mo débẹ̀. 38,000 náírà ni a ti dúnàádúrà ẹ̀ sí, owó náà sì wà lọ́wọ́ mi. Inú kólò ló ti wá. Ó lé ní ọdún kan tí mo fi ń ju owó síìpù àti owó tí wọ́n fi ń ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò sínú ẹ̀, 50 náírà lónìí, 20 lọ́la. Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni mo la kólò náà. Mo da gbogbo ẹ̀ sínú láílọ́ọ̀nù dúdú, mo dì í lẹ́nu, ó di ọ̀la.

Ìgbà tí ọ̀gá náà tú u sórí tábìlì ni mo tó rí ohun tí mo gbé wá. Owó 100, 50, 20 àti 10 ti lọ́ mọ́ra wọn. Òmíràn ká róbótó, òmíràn ti gbó débi pé nọ́ńbà ara ẹ̀ kò hàn dáadáa mọ́. Ẹyọ tó lé ní 900 ni. Òun àti ọmọṣẹ́ ẹ̀ jókòó tì í, wọ́n ń tẹ́ ẹ, wọ́n ń kà á. Obìnrin kan wá béèrè abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ, wọ́n ní kó ṣe sùúrù. Ọkùnrin kan wá wá bẹ́líìtì, ó dúró títí, ó bá tiẹ̀ lọ. Wọn ò tíì kà á dé ìdajì tí wọ́n fi pe ìrun Jímọ̀. Ẹ mọ ìlú wa, tí wọ́n bá ti pe ìrun yẹn, ọjà dúró. Ọ̀gá kó èyí tó ti kà àti èyí tí kò tíì kà sínú dúrọ́ọ̀ kan náà, ó tì í, a jọ lọ kírun. Nígbà tí a dé, ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ló tún ti bẹ̀rẹ̀.

Aago mẹ́ta ti kọjá dáadáa kó tó parí, owó náà sì dín 120 náírà. Ó tún un kà, ó ṣì dín. Èmi tí mo ti fọwọ́ sọ̀yà pé ó pé, inú owó ọkọ̀ mi ni mo ti mú u kún un. Kò pariwo mọ́ mi. Ohun tó sọ ò ju èyí lọ: "Àbúrò, owó ẹ dáa, òógùn ojú ẹ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ni owó ló ni kíkà ẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi títí di òní. Kò sóhun tó burú nínú kí èèyàn fi owó wẹ́wẹ́ ra ọjà ńlá. Iṣẹ́ tó yẹ kí n fi alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ṣe nílé mi ni mo gbé lọ ka ẹlòmíràn lórí nínú ọjà ẹ̀, tí oníbàárà ẹ̀ fi bínú lọ. Ohun tí mo jẹ ẹ́ ní gbèsè nìyẹn, 38,000 náírà kò sì san án.

Bí mo ṣe ń ṣe é báyìí nìyí. Mo máa ń ya irú mọ́ irú, mo máa ń tẹ́ wọn kí ojú gbogbo wọn kọ síbì kan, Awólọ́wọ̀ mọ́ Awólọ́wọ̀, Mùrítàlá mọ́ Mùrítàlá. Mo máa ń ka mẹ́wàá-mẹ́wàá, ẹyọ kẹwàá ni mo fi ń ká mẹ́sàn-án yòókù mọ́ra, bí àwọn ìyá ọjà ṣe ń ṣe é. Tí irú ẹ̀ bá pé mẹ́wàá, ó ti di ẹyọ 100 nìyẹn, iye tí báńkì náà ń dì pọ̀, mo á wá fi rọ́bà dè é. Mo máa ń kọ iye ẹ̀ sórí bébà pélébé kan, mo á fi há rọ́bà náà. Orí bébà o, kì í ṣe ara owó. Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007 ka kíkọ nǹkan sára náírà sí bíba owó jẹ́, ó ka fífi sítépílù kàn án náà mọ́ ọn. Mo rí i pé ọ̀pọ̀ wa kò mọ ti sítépílù yìí.

Èyí tó bá ya, ẹ má fi sáàárín. Mo mọ̀ pé ó máa ń wu èèyàn kó tì í wọ àárín ìdì kó lè lọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó fọkàn tán ẹ tí kò tú ìdì wò lò ń fi ìyẹn jẹ níyà. Ẹ yà á sọ́tọ̀, ẹ fi hàn án, ẹ bi í bóyá ó lè gbà á. Tó bá kọ̀, ẹ mú òmíràn.

Kí ẹ tó gbé e lọ, ẹ pè wọ́n. "Ẹ̀gbọ́n, owó wẹ́wẹ́ ni mo fẹ́ gbé wá o, mo ti tò ó, ìgbà wo ló máa rọ̀ yín lọ́rùn?" Á yà yín lẹ́nu bí inú ọ̀pọ̀ wọn ṣe máa dùn. Obìnrin tó ń ta búrẹ́dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní Tánkẹ̀ máa ń bẹ̀ mí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ pé tí 50 àti 100 bá wà lọ́wọ́ mi, kí n má gbé e fún ẹlòmíràn. Ọjà owó wẹ́wẹ́ kì í kùtà, ẹni tí ẹ máa gbé e fún àti wákàtí tí ẹ máa gbé e dé ló ṣe pàtàkì.

Ìgbà kan tilẹ̀ wà tí owó wẹ́wẹ́ ju wúrà lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá ọdún 2022, Báńkì Àpapọ̀ kéde pé àwọn máa pààrọ̀ 200, 500 àti 1,000 náírà. Ọjọ́ 31 oṣù Kìíní ọdún 2023 ni wọ́n kọ́kọ́ ní àtijọ́ máa kásẹ̀ ńlẹ̀, wọ́n tún sún un sí ọjọ́ 10 oṣù Kejì, kí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ tó dá a ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta pé kí a ṣì máa ná an. Ẹ rántí ìyà tó jẹ wá láàárín ìgbà yẹn. Ṣùgbọ́n wọn ò fọwọ́ kan 100 àti àwọn tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀ rárá. Ẹni tó bá ní kólò nílé ní oṣù yẹn ló ń rí ẹ̀fọ́ rà. Mo ti tún bẹ̀rẹ̀ kólò tèmi nígbà náà, mo sì ṣẹ́ owó fún ilé mẹ́ta ní àdúgbò wa láìgba kọ́bọ̀ lé e, nígbà tí àwọn kan ń ta owó bí ẹní ń ta gààrí.

Ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀rọ̀ náà ni ẹni tó ń gbé owó ńlá lọ ra nǹkan kékeré. Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, ìyá alákàrà ṣẹ̀ṣẹ̀ da àkọ́kọ́ sínú epo, ọmọ kan á dé pẹ̀lú 1,000 náírà, àkàrà 200 ló fẹ́ rà. Tí ìyá bá kó ṣéńjì tí wọ́n gbé wá láti ilé fún un, kí ni wọ́n á fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn? Ẹ ò sì gbọdọ̀ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, torí ọ̀pọ̀ wọn kì í ta àwìn àárọ̀. Ohun tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọṣẹ́ mi ni pé kí wọ́n kí ìyá, kí wọ́n ní ajé á wọgbá, kí wọ́n wá béèrè ṣéńjì kí wọ́n tó wé àkàrà. Tí wọ́n bá ti wé e tán lẹ nawọ́ 1,000, ẹ ti fi wọ́n sínú wàhálà.

Nínú kòrópe, ẹ sọ ọ́ kí ẹ tó wọlé. Awakọ̀ ti ń pariwo "Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o," kì í ṣe orin ló ń kọ. Tí kò bá sì rí ọgbọ́n dá, á so yín pọ̀. Ó so èmi àti ìyá àgbàlagbà kan pọ̀ lọ́jọ́ kan ní Pósọ́fíìsì: 250 tèmi, 250 tiwọn, 500 ẹyọ kan ló fi lé mi lọ́wọ́ tó sì wa ọkọ̀ ẹ̀ lọ. Ìyá náà ń lọ sí Ọjà Ọba, oòrùn sì mú. Nírú àsìkò yẹn, ọmọdé ló ń wá ṣéńjì, àgbà kì í rìn tẹ̀lé e. Mo bá wọn wá ìbòòji, mo gbé báàgì mi sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ wọn kí ọkàn wọn lè balẹ̀ pé n ò ní sá lọ, mo wá lọ. Ẹni kẹta tí mo bẹ̀ ló bá mi ṣẹ́ ẹ. Mo fún ìyá ní tiwọn kí n tó ki tèmi bọ àpò. "Ọlọ́hun á fi àlùbáríkà sí i," ni wọ́n ń wí títí mo fi kọjá títì.

Àwọn kan á ní òfin wà pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ náírà. Òtítọ́ ni. Òfin ọdún 2007 yẹn náà ló sọ ọ́: 50,000 náírà owó ìtanràn tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Ọdún yẹn náà ni wọ́n gbé owó onírin 50 kọ́bọ̀, náírà kan àti náírà méjì tuntun jáde, ẹ sì rí i pé ọjà kò gbà wọ́n. Èmi ò lè torí òfin dúró lé ìyá tó ń ta ata ní Ìpàta lórí pé àfi kó gba 5 náírà tí òun náà kò ní rí ibi ná an sí.

Tí ṣéńjì kò bá wá sí ńkọ́? Ẹ gbà pé wọ́n jẹ yín, kí ẹ sì fi ẹ̀rín lọ. Ìyá alákàrà jẹ mí ní 50 náírà lọ́jọ́ kan, ọ̀sán ọjọ́ náà ni mo lọ sí Ọ̀ffà fún ìnáwó, ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo lò níbẹ̀. Mo ti gbàgbé ẹ̀ pátápátá. Àárọ̀ tí mo dé, òdìkejì títì ni wọ́n ti ń pè mí, "Téílọ̀! Téílọ̀!" Wọ́n ti so 50 náírà náà mọ́ igun láílọ́ọ̀nù kékeré kan, wọ́n há a sábẹ́ ọpọ́n. "Gba nǹkan ẹ lọ́wọ́ mi jàre, ojoojúmọ́ ni mò ń wo ọ̀nà ẹ." Mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Mo ra àkàrà 300, mo sì ka 300 náírà lé wọn lọ́wọ́, ẹyọ 100 mẹ́ta, ojú wọn kọ síbì kan.