Àyẹ̀wò ọdún 2024 mi: méje la wọlé, mẹ́fà la kù

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí yunifásítì wa ṣe kéré tó, kó wá wo kíláàsì àwa tá à ń kọ́ ìṣirò owó. Àwa méje péré la bẹ̀rẹ̀ ọdún. Bí ẹnì kan ò bá wá, olùkọ́ ò ní wulẹ̀ ṣí ìwé orúkọ, á kàn wò yíká, á ní, "Ibo lẹ gbé e sí?" Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ìyà ni mo pe ìyẹn. Lọ́dún yìí ló wá yé mi pé ohun tí Màámi ń tìtorí rẹ̀ sanwó gan-an nìyẹn: ọmọ ò lè sọnù síbí kí wọ́n má mọ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti mọ̀ ẹ́ tó báyìí, gbèsè rẹ náà ò ní ibi tó máa sá sí.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló fà á tí mo fi wà níbí. Yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ló wà nígbà tí ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, daṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2022. Oṣù mẹ́jọ ló fi wà nílé, tó ń bá Màámi ru agbọ̀n ẹja ní ọjà Olúwo nílùú Ẹ̀pẹ́. Màámi ní ojú òun ò ní rí irú ẹ̀ mọ́. Bó ṣe di pé aládàáni ni wọ́n fi mí sí nìyẹn, lórí owó àrọ̀ àti epìyà.

Ilé-ìwé wa ò jìnnà sí Olúwo rárá, àmọ́ o ò lè ṣàdédé lọ sílé. Ó dìgbà tó o bá gba exeat, ìyẹn ìwé àṣẹ láti jáde. Màtírọ́nù á kọ́kọ́ pe òbí rẹ, bóyá o sì fẹ́ bóyá o kọ̀, orí ìlà níwájú gbogbo ayé ló ti máa pè é, fóònù á sì wà ní gbangba, lórí sípíkà, kí ẹlẹ́rìí lè wà. Lọ́jọ́ tó kàn mí, a gbọ́ ariwo ọjà ká tó gbọ́ ohùn Màámi.

"Ẹ káàárọ̀ o, Màmá. Ṣé ẹ mọ̀ pé ọmọ yín fẹ́ wálé lónìí?"

"Ilé kẹ̀? Ta ló lé e? Kí ló ṣe?"

"Kò ṣe nǹkan kan, Màmá. Ẹ kàn máa yọ̀ǹda rẹ̀ ni."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lé e o! Màá san ìyókù tó bá di ọjọ́ Ẹtì!"

Àwọn tó tò sẹ́yìn mi ṣe bí ẹni tí ò gbọ́. Ká ní wọ́n rẹ́rìn-ín ni, ì bá sàn fún mi.

Àwọn ará ìta gbà pé ọmọ olówó ni gbogbo wa. Kí wọ́n wá wo ìlà tó wà lẹ́nu ọ́fíìsì bọ́sárì ní ọ̀sẹ̀ tó ṣíwájú ìdánwò. Lọ́jọ́ kẹta oṣù kẹrin, Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí òfin ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́, a hó yèè ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, àfìgbà tẹ́nì kan kà á dáadáa tó ní ilé-ìwé ìjọba nìkan ló wà fún. Lọ́jọ́ yẹn kan náà ni wọ́n kéde pé iná àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tó yẹ kó máa rí iná fún ogún wákàtí ó kéré tán lójúmọ́, ti di naira 225 lórí kilowatt-hour kan. Àwa ò sí ní Band A. Jẹnẹrétọ̀ la gbójú lé, nígbà tí dísẹ́ẹ̀lì sì gbówó lórí, aago mẹ́wàá alẹ́ ni wọ́n ń pa á dípò méjìlá.

Kì í ṣe pé kò sí adùn o. Nígbà tí wọ́n ń ṣe matric àwọn ọmọ tuntun, wọ́n ní ká kọ orin orílẹ̀-èdè tí ìjọba dá padà ní oṣù karùn-ún. Ìdajì gbọ̀ngàn ń kọ èyí àtijọ́ tí wọ́n dá padà yìí, ìdajì ń kọ "Arise", àwọn àgbà tó mọ èyí àtijọ́ látilẹ̀ nìkan ló kọ ọ́ já.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ọjọ́ tí olùkọ́ wa kan kó wa lọ wo Erédò Súngbọ́. Bọ́ọ̀sì kékeré kan gbà wá, àyè tún ṣẹ́ kù. Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ni yàrà yìí yí ká, ó ju 160 kìlómítà lọ, ó sì jìn tó 20 mítà níbòmíì. Ìtàn àwọn àgbà ló so ó mọ́ Bílíkísù Súngbọ́, obìnrin ọlọ́rọ̀ nì. Mo dàgbà ní Ẹ̀pẹ́, n ò tíì sọ̀ kalẹ̀ sínú ẹ̀ rí. Olùkọ́ dúró nísàlẹ̀, ògiri amọ̀ tí ewéko bò ga ju orí ẹ̀ lọ fíìfíì, ó ní ká ṣírò iye tó máa náni láti gbẹ́ irú ẹ̀ lónìí. A ń ka lébìrà, à ń ka ṣọ́bìrì. Ẹnì kan láàárín wa ló béèrè pé, "Sà, ta ló ń se oúnjẹ fún wọn? Ìyẹn náà ò ha ní wọ ìwé?" Olùkọ́ ní ẹni tó béèrè yẹn nìkan ló ronú bí oníṣirò owó.

Ẹni tó béèrè yẹn náà ló fi ilé-ìwé sílẹ̀. Owó tó kù tó máa san kò pé nígbà ìdánwò, wọn ò fún un ní káàdì. A dáwó jọ, kò tó. Mo mọ̀ pé ilé-ìwé ò rú òfin ara ẹ̀, mo sì mọ̀ pé dísẹ́ẹ̀lì ò ṣeé rà láwìn. Síbẹ̀, níbi tí màtírọ́nù ti mọ ẹni tí orí ń fọ́, ó yẹ kẹ́nì kan ti pe bàbá ẹ̀ jókòó ṣáájú ọ̀sẹ̀ ìdánwò, kí wọ́n pín owó náà sọ́nà mẹ́ta, mẹ́rin. Ó ń ṣe POS ní Sábọ̀, Ìkòròdú báyìí. Bí iṣẹ́ owó-orí bá dojú rú fún wa, òun la ṣì ń fi ránṣẹ́ sí lórí WhatsApp, á ní ká dúró kóun dá kọ́sítọ́mà kan lóhùn, lẹ́yìn náà á yanjú ẹ̀. Ó ti gba fọ́ọ̀mù JAMB ọdún tó ń bọ̀ sọ́kàn, ilé-ìwé ìjọba ló fẹ́ mú.

Ní tèmi, Màámi ti san ìdajì owó sáà tó ń bọ̀, bọ́sárì sì ti gbà kí ìyókù wọlé díẹ̀díẹ̀ láti oṣù kìíní. Èmi ni mo kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ náà fúnra mi. Kí n tó wálé fún ọdún, mo bẹ màtírọ́nù pé kó má gbé fóònù sí gbangba mọ́ tó bá ń pe Màámi. Ó ní òun ò gbé e sí gbangba lọ́jọ́ yẹn, ohùn Màámi ló lọ sókè tó bẹ́ẹ̀.