Ọmọ Mẹ́rin fún Alápatà

Ẹnu mi ló kó bá mi. Ìyá ìyàwó mi, tí wọ́n ń gbé lábúlé kan lẹ́bàá Bremen ní Jámánì, ní ìwé kan nílé tí bàbá bàbá wọn, tó jẹ́ àgbẹ̀, máa ń kọ ọjà tó bá tà sí. Kò sẹ́ni tó lè kà á. Kurrent ni wọ́n fi kọ ọ́, ìkọ̀wé àtijọ́ tó rí ṣóńṣó-ṣóńṣó bí eyín ayùn. Lẹ́tà e inú rẹ̀ jọ n. N náà tún jọ u, àfi pé ìlà kékeré kan tó tẹ̀ máa ń wà lórí u.

Mo bá ní kí wọ́n gbé e wá. Ṣebí mo ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọ́ ọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì!

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, gbogbo ilé jókòó ti kọfí àti kéèkì. Mo gbé awò sójú, mo wúkọ́ bí akọ̀wé ìjọ, mo kà á sókè pé bàbá ta ọmọ mẹ́rin fún alápatà.

Ilé pa lọ́lọ́.

"Ọmọ ta?" Ìyàwó mi ló bi mí.

Mo tún un wò. Kinder ni mo rí: ọmọ. Màmá rọra gbé ife kalẹ̀. Láti kékeré ni wọ́n ti ń gbọ́ pé ẹ̀gbọ́n bàbá àwọn méjì lọ sí Amẹ́ríkà, tẹ́nikẹ́ni ò gbúròó wọn mọ́.

"Àbí Amẹ́ríkà kọ́ ni wọ́n lọ?" Ohùn Màmá ń gbọ̀n.

Kí n má purọ́, inú mi dùn díẹ̀. Àṣé òyìnbó náà ń ta ara wọn!

Wọ́n bá lọ gbé àǹtí Màmá wá, ẹni ọdún 94, tó kọ́ ìkọ̀wé náà nílé ìwé kí ìjọba Hitler tó dá a dúró lọ́dún 1941. Ìyá ò tiẹ̀ béèrè awò. Wọ́n wo ojú ìwé náà lẹ́ẹ̀kan, wọ́n rẹ́rìn-ín títí eyín àtọwọ́dá fẹ́ẹ́ já bọ́.

"Rinder ni, ìwọ ọmọ yìí! Màlúù!"

K ńlá àti R ńlá inú Kurrent, bí ìbejì ni wọ́n rí. Ìkọ́ bíńtín kan ló yà wọ́n, òun ni mi ò sì rí.

Bí Màmá bá fẹ́ rán mi lọ ra ẹran báyìí, wọ́n á ní kí n kọ́kọ́ fa àwọn ọmọ lé àwọn lọ́wọ́.