Hanover, níbi tí wọ́n ti ń fi òtútù ṣeré

Ìlú kékeré ni Hanover, ní ìpínlẹ̀ New Hampshire, l'Amẹ́ríkà. Ohun tó ń gbé àlejò débẹ̀ lóṣù Èrèlé kò ju Dartmouth lọ, yunifásítì tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1769, àti Kánífáàlì Ìgbà Òtútù tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ máa ń ṣe. Èmi tó jẹ́ pé ọyẹ́ Ìbàdàn lásán ti tó gbé súwẹ́tà wọ̀ mí lọ́rùn, àbúrò mi kan tó ń ṣiṣẹ́ nítòsí ibẹ̀ ló fà mí lọ. Bí mo ṣe ń bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì tó gbé mi láti Boston ló ti ń pariwo: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bọ́ ìbọ̀wọ́ yẹn o!"

Kánífáàlì tòde òní dùn ún wò, ṣùgbọ́n ti àtijọ́ ló gbà mí lọ́kàn. Lóṣù Ọ̀pẹ ọdún 1909, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń jẹ́ Fred Harris kọ̀wé sí ìwé ìròyìn ilé ìwé wọn pé kí àwọn dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún eré síkì, ìyẹn ohun gbọọrọ pẹlẹbẹ méjì tí wọ́n ń dè mọ́ ẹsẹ̀ láti fi yọ̀ lórí yìnyín. Ṣáájú ìgbà náà, tí òtútù bá ti dé, inú yàrá ni ọ̀pọ̀ wọn ń ká gúlútú sí. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń bára wọn díje, nígbà tó sì di 1911, ó ti di kánífáàlì. Àwọn aláṣẹ kọ́ ló pilẹ̀ ẹ̀. Àwọn ọmọ yẹn fúnra wọn ni wọ́n la ọ̀nà nínú igbó, tí wọ́n kọ́ ahéré sórí òkè.

Ọkùnrin nìkan ló ń gboyè àkọ́kọ́ ní Dartmouth títí wọ́n fi gba obìnrin wọlé lọ́dún 1972. Tí kánífáàlì bá dé, reluwé ló ń kó àwọn omidan wá láti ibòmíì, àwọn ọkùnrin á kó jáde nílé ẹgbẹ́ wọn kí àlejò lè ríbi sùn, wọ́n á sì yan omidan kan ṣe Ọbabìnrin Yìnyín. Kí n má purọ́, ibẹ̀ yẹn ò dùn mọ́ mi nínú. Ṣé kí àwa obìnrin kàn dúró kí wọ́n máa wò wá ni?

Àbúrò mi mú mi lọ kí bàbá kan tó díje fún ilé ìwé rẹ̀ láàárín ọdún 1950 sí 1959. Bàbá gbé síkì rẹ̀ jáde láti ẹ̀yìnkùlé. Igi hickory ni, ó ga jù mí lọ. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kéékèèké ni wọ́n tò sí etí rẹ̀, tí wọ́n fi ìṣó onírin-yíyí dè lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo fọwọ́ rá a, ọ̀kan ti ṣí, ìṣó rẹ̀ ti bọ́ sọnù. Wáyà ló ń so ó mọ́ bàtà aláwọ, abẹ́ rẹ̀ ṣì ń rùn ọ̀dà. Bàbá ní lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìdíje, kálukú ló ń fi ìda pa síkì tirẹ̀. Ẹni tó bá ṣi ìda lò, yìnyín á lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ìyẹn tán nìyẹn.

Ìran tó ṣáájú bàbá tún le jù bẹ́ẹ̀. Lórí òkè Moosilauke ni wọ́n ti sá ìdíje ìsọ̀kalẹ̀ gbogbo Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ lọ́dún 1933, ẹsẹ̀ ni wọ́n sì fi ń gun òkè kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n fi ẹ́ńjìnnì Ford Model T fa okùn gòkè ní Woodstock, ní Vermont, kí àwọn èèyàn lè dì í mú. Àwọn kan ní ọ̀lẹ nìyẹn. Èmi ò ní bá wọn wí i.

Nígbà tí àwọn yunifásítì ṣe ìdíje síkì àkọ́kọ́ ti NCAA, àjọ tó ń ṣàkóso eré ìdárayá yunifásítì l'Amẹ́ríkà, ní Reno, ní Nevada, lọ́dún 1954, Denver ló gba ipò kìíní. Ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n ti díje: ìsọ̀kalẹ̀, yíyípo láàárín ọ̀pá, eré ọ̀nà jíjìn, àti fífò láti orí àtẹ gíga. Ẹnì kan ṣoṣo lè ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, Skimeister sì ni wọ́n ń pe ẹni tó bá mókè jù. Lójú tèmi, ìyẹn ni eléré gidi. Lẹ́yìn 1980 ni NCAA yọ fífò kúrò. Àtẹ tí wọ́n ń fò ní Hanover, wọ́n wó o lọ́dún 1993. Nígbà tí a débẹ̀, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè àti igi la rí.

Bàbá wá bi mí bóyá àwa ọmọ Nàìjíríà máa ń ṣe irú eré yìí. Mo ní ṣe ẹ ò gbọ́ nípa Seun Adigun ni? Ọmọ tó sáré fún yunifásítì Houston, tó fi pákó ṣe ọkọ̀ tí wọ́n ń tì fúnra rẹ̀ nílé láti fi ṣe ìdánrawò, tó sì kó ẹgbẹ́ bobsled Nàìjíríà, ìyẹn eré ọkọ̀ tó ń yọ̀ lórí yìnyín, lọ sí Olympics ní PyeongChang lọ́dún 2018. Mo fi àwòrán rẹ̀ hàn án lórí fóònù. Bàbá gbé awò sójú, ó wò ó títí, ó ní: "Igi wo ló lò?"